QueryTracker: ìkànnì tí mo fi ń wá aṣojú fún ìwé mi àkọ́kọ́

Kò tíì sí aṣojú òǹkọ̀wé kankan tó gbà láti gbé ìwé mi lọ bá àwọn tó ń tẹ ìwé jáde. Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí ẹ má baà rò pé torí pé ọ̀nà là fún mi ni mo ṣe ń yin QueryTracker. Mò ń yìn ín torí pé òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí kíkọ̀ tí wọ́n ń kọ̀ mí túmọ̀ sí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn ni mo kọ. Tí ẹ bá yan irú ìtàn tí ẹ kọ, orúkọ àwọn aṣojú tó ń gba irú rẹ̀ á jáde, ẹ ó sì rí àwọn tí kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn kan ń fẹ́ ímeèlì, ọ̀pọ̀ ló ń lo QueryManager, fọ́ọ̀mù tí òǹkọ̀wé ń kọ ọ̀rọ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí kálukú ń béèrè kì í dọ́gba: ẹnì kan fẹ́ ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹlòmíì fẹ́ kí ẹ ká gbogbo ìtàn náà kò sójú ewé kan, títí kan bó ṣe parí. Tí èsì bá dé, ẹ ó fi àmì sí i, ojú tó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ìwé ránṣẹ́, ojú tó fà ro bí wọ́n bá kọ̀.

Ibi tó ti wúlò fún mi jù ni abẹ́ orúkọ aṣojú kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi ti ń sọ ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti irú èsì tó dé. Aṣojú kan wà tí mo fọkàn sí gan-an. Ó fèsì pé òun mọyì iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò wọ òun lọ́kàn tó bó ṣe yẹ. Mo ka “kò wọ̀ mí lọ́kàn tó” yẹn bí ẹni ń túmọ̀ àlá. Ṣé ẹ̀gbọ́n inú ìtàn náà ló le jù ni, àbí ìsìnkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ló fà á? Mo ti ń múra àtitú orí kìíní palẹ̀. Ìgbà tí mo ṣí ojú ewé aṣojú náà ni mo rí i pé gbólóhùn kan náà ló kọ sí ẹni tó kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ẹni tó kọ ìtàn ìfẹ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Mo fi orí kìíní sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìdákẹ́jẹ́ ló dùn mí ju kíkọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ aṣojú ló ti sọ tẹ́lẹ̀ pé tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìsí èsì, ká gbà pé àwọn kọ̀ ọ́ nìyẹn. Èmi gbà pé ẹni tó fi ọdún gbáko kọ ìwé yẹ lẹ́ni tí à ń dá lóhùn. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìkànnì yìí jẹ́ kí n mọ ẹni tí kì í fèsì, kí n má baà máa retí rẹ̀.

Báyìí, àwọn díẹ̀ ni mo ń fi lẹ́tà tó ń ṣàlàyé ìwé mi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Tí gbogbo ojú bá fà ro, tí kò sẹ́ni tó béèrè ìwé, lẹ́tà mi ni mo máa tún kọ. Tí wọ́n bá ka ìwé tán kí wọ́n tó kọ̀, inú ìtàn ni mo máa lọ wò.

Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sanwó lọ́dọọdún ló ń rí bí èsì aṣojú kan ṣe ń tẹ̀ léra. Mo sanwó náà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè balẹ̀ kó má dé ibẹ̀ rárá, á kàn máa ṣí i lóròòru ni.

Ìdí tí mo fi yọ ìràwọ̀ kan ni pé ohun tí àwọn òǹkọ̀wé bá kọ síbẹ̀ nìkan ló mọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Pé orúkọ aṣojú wà níbẹ̀ náà kò ní kí ẹ má wádìí rẹ̀. Èmi máa ń wo Writer Beware, ìkànnì kan tó ń kìlọ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé, tó ti ń tú àṣírí àwọn oníjìbìtì láti 1998. Aṣojú gidi kì í gbowó kó tó ka ìwé: ìdá 15 nínú 100 owó tí ìwé bá mú wọlé ló sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀, 20 tí wọ́n bá tà á sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìkàwé, ẹ má dá a lóhùn.