"New" àbí àlòkù: bí eBay ṣe ń pín ipò ọjà

Olùtajà fúnra rẹ̀ ló ń yan ipò ọjà lórí eBay (ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì), ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. "New" ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. "Open box" sì rèé, a ti tú páálí rẹ̀ àmọ́ kò gbọdọ̀ ní àpá ìlò kankan. Òun ló ń tanni jẹ jù, torí àlòkù tí wọ́n nù dán ni àwọn kan ń kó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ihò ṣájà wá: bí etí rẹ̀ bá ti họ, wọ́n ti lò ó nìyẹn.

Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ lọ sí Settings, General, About, kí ẹ wo Model Number. Tó bá jẹ́ A ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òmíràn á yọ. Lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wò. M: tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ tà á. F: wọ́n ti tún un ṣe. N: wọ́n fi í pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ ni. (M ò ní kí ẹlòmíràn má ti lò ó o!)

"For parts or not working"? Ayàfi ẹni tó fẹ́ tú u fún ẹ̀yà ara rẹ̀.

Tí ọjà ò bá bá àkọlé rẹ̀ mu, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti béèrè owó yín padà. Ẹ ya fọ́tò páálí kí ẹ tó tú u.