Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "ìyá adìẹ pẹ̀lú ọmọ" l'Abẹ́òkúta o

Ẹ̀yin ará wa l'Abẹ́òkúta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá adìẹ tó máa sàba, tó máa pa ọmọ, tó sì máa kó ọmọ ẹ̀ kiri fúnra ẹ̀ láìlo iná NEPA tàbí ẹ̀rọ kankan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Ọkùnrin kan lápá Láfẹ́nwá gba ₦18,000 lọ́wọ́ mi ní Sátidé tó kọjá, ó ní adìẹ ìbílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án ni. Irọ́ ni. Léyà (adìẹ fáàmù tí wọ́n ń sìn fún ẹyin) tó ti gbó tí fáàmù ti tà dànù ni, àwọn ọmọ yẹn kì í sì í ṣe ọmọ ẹ̀ rárá.

Bó ṣe ṣe é rèé. Inú apẹ̀rẹ̀ ló kó wọn sí, ó fi àpò bò ó lórí, ìyá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àwọn ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rò pé ó ń ràdọ̀ bò wọ́n ni, àṣé ṣe ni wọ́n de ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ìdí apẹ̀rẹ̀. Mo délé l'Ọbáńtokò mo tú okùn, òròmọdìẹ tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, ó fẹnu gún un lórí, ó tún gún un, kí n tó kó wọn kúrò níbẹ̀ méjì ti kú. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá kan tó wà ní kejì ilé wa ló wá gbé e yẹ̀ wò, ó ní "Ọmọ mi, ta ló gé ẹnu adìẹ yìí?" Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ní fáàmù ńlá ni wọ́n ti ń gé ẹnu adìẹ kí wọ́n má baà máa ṣe ara wọn léṣe, kò sẹ́ni tó ń gé ẹnu adìẹ ìbílẹ̀. Mo wá wo èékánná, ó gùn bíi ti ẹni tí ò tẹ ilẹ̀ rí, torí inú kéèjì ló ti ń gbé, ìyẹ́ ọrùn ẹ̀ náà ti jẹ. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́, gbogbo wọn ló funfun bákan náà, ọgbọọgba, akọ Isa Brown, irú léyà kan, ni wọ́n, ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ á ní dúdú, á ní pupa, á ní alámì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí léyà ò fi sábà ń sàba, torí ọkùnrin yẹn sọ fún mi lórí fóònù pé kí n máa fún un lóúnjẹ dáadáa, pé á gba ọmọ. Adìẹ tó bá ń sàba kì í yé ẹyin, ọjọ́ 21 lórí ẹyin, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó fi ń tọ́ ọmọ. Àwọn tó ṣe Isa Brown ń wá ẹyin bíi 300 lọ́dún, torí náà wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ àba sísà kúrò lára ẹ̀ tán láti ìran dé ìran. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní Noiler náà dáa fún ẹran àti ẹyin, àmọ́ mi ò ní rà á nítorí àba.

Ó tún ń ta ẹyin "tó máa pa" o! Ẹyin léyà tí ò rí àkùkọ rí ò lè pa, á kàn di òbu ni. Tẹ́ ẹ bá ti ra irú ẹ̀, lọ́jọ́ keje ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkùnkùn, tí ò bá sí iṣan pupa tó ta bí okùn aláǹtakùn, ẹ gbé e kúrò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó tú wọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ níṣojú yín, ìyá gidi á fẹ ìyẹ́, á máa pè wọ́n kọ́ọ̀ kọ́ọ̀, wọ́n á sì sá wọ abẹ́ ẹ̀. Tó bá ní rárá, ẹ máa lọ. Èmi ì bá ti lọ sí Ọ̀dẹ̀dá lọ ra sọ̀bọ̀rọ̀ nílé tí mo ti rí ìyá ẹ̀ tó ń kó ọmọ.

Méje tó kù, ìyá tó wà ní kejì ilé wa yẹn ní adìẹ abọ́lọ́rùn kan (èyí tí ò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ, a rọra ti wọn sábẹ́ ẹ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, ó ń kó gbogbo wọn kiri. Mo ti bẹ ìyá yẹn kó fi abo méjì nínú ọmọ abọ́lọ́rùn náà sílẹ̀ fún mi tí wọ́n bá dàgbà.