Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ní àwọn á pààrọ̀ i5 yín sí i7

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbówó lọ́wọ́ yín lásán. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tó ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mówó wá, màá bá yín yọ i5 yìí, màá fi i7 síbẹ̀." Prọ́sẹ́sọ̀ Intel, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, ni i5 àti i7. Bó bá jẹ́ HP EliteBook 840 G3 ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra.

Òjé ni wọ́n fi jó prọ́sẹ́sọ̀ ẹ̀rọ yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ojúhò tí wọ́n ń ki prọ́sẹ́sọ̀ tó ṣeé yọ bọ̀, níbẹ̀ rárá. Kí ẹnikẹ́ni tó lè yọ ọ́, àfi kó ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń jó BGA (irú prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù báyìí), bọ́ọ̀dù sì lè bàjẹ́ síbẹ̀.

Òótọ́ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń mú èèyàn nìyẹn. ThinkPad T430 àti Dell Latitude E6430 tó jáde ní 2012 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì: ẹ yí sùkúrù kékeré kan, prọ́sẹ́sọ̀ á tú sílẹ̀. ThinkPad T440p náà ṣì ní i, àmọ́ T440s tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, jíjó ni wọ́n jó tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti jẹ́nẹ́réṣọ̀n karùn-ún ni Intel ò ti ṣe prọ́sẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn láptọ́ọ̀pù gbàǹgbà onígéèmù kan wà tó ń lo prọ́sẹ́sọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń tà fún yín.

Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á lẹ sítíkà i7 mọ́ ọn, wọ́n á yí orúkọ tó ń hàn nínú Windows. Ara àdúgbò mi kan gba tiẹ̀ padà tayọ̀tayọ̀, àfìgbà tá a wọ BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò inú ẹ̀rọ tó ń hàn kí Windows tó ṣí: i5-6300U tó gbé lọ náà ló gbé bọ̀.

Ẹ wo BIOS lójú wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Bẹ́ ẹ bá ti ń tan HP, ẹ tẹ F10. F2 ni ti Dell, F1 ni ti ThinkPad. Bí lẹ́tà U bá wà lẹ́yìn nọ́ńbà prọ́sẹ́sọ̀, jíjó ni wọ́n jó o, ẹ máa lọ.

Àti pé i7-6600U gan-an tí wọ́n fi ń tàn yín, kọ́ọ̀ (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú prọ́sẹ́sọ̀) méjì péré ló ní, bíi ti i5-6300U. Ẹ fowó yẹn ra RAM (mẹ́mórì) àti SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó ń yára).