Àwọ̀n ẹ̀yìn mẹ́ta lórí HD 600 kan: bí mo ṣe fi àrà Ìbàdàndùn sára hẹ́dífóònù mi

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló tú àṣírí àwọ̀n àkọ́kọ́ fún mi. Mo ní ohùn kan tí mo fúnra mi gbà sílẹ̀ níbi ìsìnkú àgbà kan nílé wa: gángan méjì, agogo kan, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó dúró sí ọwọ́ òsì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi ohùn yẹn dán gbogbo sípíkà tó bá kàn mí wò. Lọ́jọ́ tí mo dé àwọ̀n tuntun mọ́ ẹ̀yìn hẹ́dífóònù HD 600 mi, mo tan ohùn náà, mo dijú. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó máa ń dún bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn fèrèsé ti wọlé wá, ó ń dún bí ẹni pé wọ́n gbé igbá dé e. Gángan náà sì ti wúwo lẹ́nu. Àwọ̀n ọ̀hún lẹ́wà gan-an ni. Inú mi bàjẹ́.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tún ohùn ṣe fún àwọn ètò rédíò. HD 600 ni mo fi ń ṣe é. Sennheiser ti Jámánì ló ṣe é, ó jáde ní 1997, wọ́n sì ṣì ń tà á di òní. Ilé iṣẹ́ yìí náà ló gbé HD 414 jáde ní 1968, èyí tó jẹ́ kí ayé mọ hẹ́dífóònù tó ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni tèmi. Sípíkà inú rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àwọ̀n irin tó wà lẹ́yìn apá ọ̀tún ti tẹ̀ wọnú, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti bó. Mo lè ra òmíràn láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo owó ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fẹ́ gbà lórí irin pẹlẹbẹ méjì, mo ní kí ló dé tí n kò ní ṣe èyí tó jẹ́ tèmi?

Pípààrọ̀ àwọ̀n ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwọn tó fẹ́ràn hẹ́dífóònù yìí. HD 580 tó ṣáájú rẹ̀, ike ni àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ní in ló sì máa ń ra àwọ̀n irin ti HD 600 fi rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀yà ara wọn bára mu. Àwọn tó ní hẹ́dífóònù Grado ti Brooklyn ní Amẹ́ríkà náà máa ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n á ti àwọ̀n tó bá a wá jáde, wọ́n á fi èyí tí wọ́n gé fúnra wọn sí i. Ní ti HD 600, títú rẹ̀ kò le. Mo yọ wáyà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo fa tìmùtìmù etí, mo rọra gbé sípíkà kúrò nínú ilé rẹ̀, mo wá fi àtàǹpàkò ti àwọ̀n náà láti inú síta. Ó jáde. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìdè kankan tí mo ní láti tú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni wáyà tín-tìn-tín tó wà lára sípíkà, nítorí náà mo ṣe é lórí aṣọ ìnura ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ nǹkan jáde ni mo gbé iṣẹ́ náà lọ. Ọmọkùnrin kan ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé àrà Ìbàdàndùn ni mo fẹ́ lẹ́yìn méjèèjì. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa á mọ ibi tí mo ń lọ: ọwọ̀n ilé ńlá Mápó tó dúró gbọnrangandan, tí wọ́n ya ṣíbí sáàárín wọn. Irú aṣọ yẹn ni ìyá mi àgbà máa ń ró lọ sí ọjà, wọ́n sì fún mi ní ọ̀kan kí wọ́n tó lọ. Aṣọ yẹn gan-an ni mo ya ní fọ́tò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà.

A fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìbú nǹkan, wọn àwọ̀n àtijọ́ yíká. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kíyè sí ni pé àwọ̀n náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rọra wú síta díẹ̀. Bí a bá ya á bí ohun tó tẹ́, kò ní wọ ojú ihò rẹ̀ dáadáa. Ìgbà mẹ́ta la tẹ etí rẹ̀ nìkan jáde láti dán an wò, kí a tó rí èyí tó dún “kán” tó sì dúró.

Àwọ̀n àkọ́kọ́ yìí ni mo ń sọ pé ó lẹ́wà. Àwọn ọwọ̀n Mápó rẹ̀ sanra, ṣíbí rẹ̀ hàn kedere, àwọ̀ ẹ̀lú dúdú ni okùn ike tí ẹ̀rọ náà ń yọ́ fi tẹ nǹkan. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ṣé báyìí ni wọ́n ń tà á ni?” Mo ní rárá, ìkan ṣoṣo ló wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní kí n bá òun ya á ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò òun.

Ibi tí àṣìṣe wà nìyí, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Awọ tín-ín-rín kan ló wà nínú sípíkà, tó ń sún síwájú tó ń sún sẹ́yìn. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ sí etí wa náà ló ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Nínú hẹ́dífóònù tó pa ẹ̀yìn dé, inú àwo ni ohùn ẹ̀yìn yìí há sí. Nínú èyí tó ṣí sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Bí ohun tó wà lẹ́yìn bá fún pọ̀, apá kan ohùn náà á lù ú, á padà, á tún wá bá èyí tó ń lọ sí etí pàdé. Ẹ gbé hẹ́dífóònù tó ṣí ẹ̀yìn wọ̀, ẹ tan orin, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn rẹ̀ láìfi kàn án. Ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí padà bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ọn. Àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kéré ń ṣe díẹ̀ lára ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe.

Nígbà tí mo délé, mo gbé àwòrán àwọ̀n náà sínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, mo sọ ibi tó jẹ́ ike di dúdú, mo sọ ihò di funfun, mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka iye ojú àmì funfun. Ihò kò ju ìdá 28 nínú 100 lọ. Gbogbo ọwọ̀n Mápó tó sanra yẹn, ògiri ni mo kọ́ sẹ́yìn sípíkà mi.

Ìṣirò yìí kò le, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é kó tó náwó. Bí ihò bá rí roboto, tí wọ́n sì to wọ́n bíi ti afárá oyin, ẹ fi ìwọ̀n àlàfo láti àárín ihò kan sí àárín èkejì pín ìbú ihò, ẹ fi èsì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 90.7 sọ ọ́ di púpọ̀. Ihò 2 mìlímítà tó jìnnà síra ní 3 mìlímítà yóò fún yín ní nǹkan bí ìdá 40. Ihò 3 mìlímítà tó jìnnà ní 4 yóò fún yín ní 51. Bí ihò bá ní igun mẹ́fà bíi ti oyin gan-an, 100 lẹ ó fi sọ ọ́ di púpọ̀ dípò 90.7. Ihò 5 mìlímítà pẹ̀lú ògiri 0.8 láàrin wọn jẹ́ ìdá 74. Mo mú 0.8 nítorí pé ihò ẹnu ẹ̀rọ 3D tí a lò jẹ́ 0.4, ìlà méjì péré ni ògiri kọ̀ọ̀kan, ó sì dán.

Kí n tó tún àwòrán ṣe, oòrùn ti bá mi parí ọ̀rọ̀ lórí àwọ̀n àkọ́kọ́ náà. Mo fi hẹ́dífóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí mo wọ ibi iṣẹ́ kan lọ lọ́sàn-án. Nígbà tí mo padà dé, etí àwọ̀n apá òsì ti ká sókè. PLA ni okùn ike tí a lò, ó sì máa ń rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa ní ilẹ̀ wa, ooru lè dé ibẹ̀. Mi ò bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wí, mi ò sọ fún un pé inú mọ́tò ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ bèèrè fún okùn ike tí wọ́n ń pè ní PETG. Ó fara da ooru ju ìyẹn lọ dáadáa.

Àwọ̀n kejì, alumíníọ̀mù ni, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó máa ń gé àrà sára géètì gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì gé e. Irin 1 mìlímítà kéré sí ohun tí ọwọ́ wọn mọ́. Ẹnu ihò rẹ̀ rí págunpàgun, ooru ti jẹ́ kó lọ́, nígbà tí wọ́n sì gbìyànjú láti lù ú kó lè wú síta bíi ti àtijọ́, ihò àárín fẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ fún. Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì náírà, n kò sì lò ó ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ nípa irin, pàápàá irin dúdú: ẹ má ṣe fi fáìlì ra á nítòsí hẹ́dífóònù. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú sípíkà, yóò fa ẹ̀rúnrún irin dúdú mọ́ra, tó bá sì ti wọlé síbẹ̀, ó lè máa dún “ṣìn-ìn” nígbà gbogbo tí ìlù bá bọ́ sílẹ̀. Òde ni mo ti fi fáìlì ra tèmi, mo sì fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wọlé.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin oní-3D. Mo ní kó lo PETG lọ́tẹ̀ yìí, kí ihò sì jẹ́ ìdá 65 nínú 100, kò gbọ́dọ̀ dín, Ìbàdàndùn sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó wo àwòrán mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Anti, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ fi ìlà ya ọwọ̀n yẹn, ẹ má fi ara kún un.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú gbogbo ìdè. Lórí àdìrẹ pàápàá, ìlà funfun ni ẹ̀kọ máa ń fi sílẹ̀, aró ló ń kún ìyókù. A fi ìlà 0.8 ya ọwọ̀n mẹ́rin àti ṣíbí mẹ́ta sí àárín, a fi ihò oyin kún gbogbo ẹ̀gbẹ́. GIMP ka á: ìdá 67.

Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ojú ibi tó ti dúró hàn lára àwọ̀n apá òsì, ọmọkùnrin náà sì tún un tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà ni méjèèjì. Ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà kan fún ju bó ṣe yẹ lọ lápá ọ̀tún, mo fi ìwé yanrìn ra á díẹ̀, ó wọlé.

Mo wá gbé ohùn ìsìnkú yẹn sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti padà sẹ́yìn fèrèsé. Kí n má baà fi ìfẹ́ tan ara mi jẹ, mo gbẹ́ ihò sínú pákó pẹlẹbẹ, mo fi gbohùngbohùn kékeré sí i, mo gbé hẹ́dífóònù lé e, mo sì fi REW, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn tó sì ń fi ìlà ya bó ṣe rí, wọ̀n ọ́n: àwọ̀n àtijọ́, ti PLA, ti PETG, ìgbà márùn-ún márùn-ún, tí mò ń gbé e kúrò tí mo sì ń gbé e padà. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bí hẹ́dífóònù ṣe ń dún gan-an létí ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè fi nǹkan méjì wé ara wọn. Ìlà ti PETG àti ti àtijọ́ gun orí ara wọn débi pé ìyàtọ̀ wọn kò ju èyí tí gbígbé e padà nìkan ń mú wá. Ti PLA nìkan ló yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó wú ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì rí gbágungbàgun lókè. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọ̀n tuntun mú kí HD 600 mi dún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò mú un dára sí i. Kò bà á jẹ́ ni, ohun tí mo sì ń wá náà nìyẹn.

Ohun tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni eruku. Fóòmù tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn àwọ̀n àtijọ́ ti ń rún, ihò 5 mìlímítà sì fẹ̀ ju èyí tí irin náà ní lọ. Ọyẹ́ ń bọ̀. Mo ti ra aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo iwájú sípíkà ńlá, èyí tí mo lè fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá láìfi agbára, màá gé e ní ìwọ̀n àwọ̀n náà, màá tún fi REW wò ó. Àwọ̀n irin àtijọ́ wà nínú páálí rẹ̀, èyí tó tẹ̀ àti èyí tí kò tẹ̀. Mo ní àwọn fáìlì àwòrán náà lọ́wọ́, ọmọkùnrin yẹn sì ti bèèrè bóyá òun lè tẹ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo gbà fún un, bó bá ṣáà ti lè má jẹ́ kí ihò rẹ̀ kéré sí ìdá 65 nínú 100.