Àfáà onígíláàsì tó tún fèrèsé mi ṣe ní Bódìjà

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Ọdún 33 ni mo fi ṣe tíṣà, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní 10, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹ ò lè gbàgbé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ò tíì lù nígbà tí ìró yẹn dún ní Old Bódìjà. Gómìnà Mákindé ló padà sọ fún wa pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 70. Ilé tèmi jìnnà sí ibẹ̀ díẹ̀, ògiri ò wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí n ó fi dìde nílẹ̀ pálọ̀, nínú fèrèsé mọ́kànlá, kò sí èyí tí gíláàsì ṣẹ́ kù lójú ẹ̀. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló rọ̀ mọ́ ògiri bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àfáà dé. N ò pè é. Ó ti tó ọdún méjì tó bá mi pààrọ̀ lúúfà kan ní kíṣìnì, n ò tiẹ̀ rántí ojú ẹ̀ dáadáa mọ́. Ó gbé ọ̀rá ńlá, ìṣó àti òòlù sórí ọ̀kadà, ó ní, "Màmá, ọyẹ́ yìí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn." Ó kan ọ̀rá mọ́ fèrèsé yàrá àti ti pálọ̀, ó gbá àfọ́kù jọ sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó sì kọjá sílé aládùúgbò mi. Mo fi ₦2,000 lé e lọ́wọ́, ó ní kí n fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló sọ fún un pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọkùnrin náà máa ń tọpinpin.

Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń wá gíláàsì. Ẹnì kan wá wọn fèrèsé mi, ó bu ₦650,000, ó ní tó bá di ọ̀la, yóò lé. Àfáà bu ₦380,000. Ó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á kí n fetí ara mi gbọ́ iye tí gíláàsì tó nípọn tó 4mm àti èyí tó nípọn tó 5mm jẹ́. Ìlẹ̀kùn pálọ̀ nìkan ló ní ká fi 5mm sí, pé tí mo bá lò ó fún fèrèsé kékeré, mo kàn fi owó ṣòfò ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo san án, bí owó ìfẹ̀yìntì bá ṣe ń wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ ìjàm̀bá yẹn, àwọn ọ̀dọ́ kan fọwọ́ lásán wú àwókù ilé kí wọ́n lè yọ ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀. Akọni ni wọ́n, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn ńláńlá dé, oníkámẹ́rà dé, ẹ kú àdánwò kún ilẹ̀. Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà fi máa wọlé, kò sẹ́ni tó ń yà mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ gba ojú fèrèsé méjì wọlé. Ààrá sán, mo sì sá sábẹ́ tábìlì, èmi àgbàlagbà. Ilẹ̀ mọ́, mo pe Àfáà. Ó há sílíkóònù àtijọ́, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí etí gíláàsì, kúrò, ó fi tuntun sí i, kò gba kọ́bọ̀. Ó wá jókòó, ó bi mí bí mo ṣe ń sùn. N ò tíì rí ẹlòmíì tó bi mí. Láti ọjọ́ náà, bí òjò ńlá bá ti ṣú, fóònù mi á dún: "Màmá, ààrá lásán ni o."

Níbo wá ni mo ti yọ máàkì méjì? Bó bá ní aago mẹ́wàá lòun ń bọ̀, ẹ máa retí ẹ̀ ní aago kan. Kì í kọ rìsíìtì àfi tẹ́ ẹ bá bá a jà. Sílíkóònù tó fi sí fèrèsé balùwẹ̀ rí wúruwùru bí ìwé ọmọ jẹ́léósinmi. Ọmọṣẹ́ ẹ̀ sì gbé àkàbà lu táìsì mi, ó fọ́ ọ. Wọ́n fi òmíràn sí i, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ ò bá tàtijọ́ mu. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sílẹ̀ kí àkàbà yẹn tó wọlé.