Boxer 100: ẹ́ńjìnnì Japan tó gba Íńdíà kọjá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àràdà, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ra ọ̀kadà fún àbígbẹ̀yìn wọn. "Ọ̀gá Mẹkáníìkì," wọ́n ní, "èwo ni mo lè rà nínú wọn tí ọmọ mi ò fi ní í di oníbàárà yín?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kí wọ́n lọ ra Boxer 100. Wọ́n bi mí pé ṣé torí pé òun ni gbogbo ọlọ́kadà ń gùn ni. Mo ní rárá o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ráyè ṣàlàyé. Àlàyé ọ̀hún rèé.

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, Jincheng ló gbòde, èyí tó jọ Suzuki AX100 bí ìbejì. Eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n epo àti ọ́ìlì jọ ń jóná nínú rẹ̀ ni, èéfín rẹ̀ á sì bo gbogbo àdúgbò. Bí ọ́ìlì bá fi lè dín pẹ́nrẹ́n, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nìyẹn, àwa ọmọṣẹ́ la ó sì jókòó tì í di alẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tú Boxer, mo ń wá ibi tí wàhálà wà, n kò rí i. Ọ́ìlì rẹ̀ dá wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kì í bá epo jóná. Síláńdà kan, báálù méjì tó ń ṣí ọ̀nà fún epo àti èéfín, séènì kékeré kan tó ń yí kámú tó ń ṣí wọn lókè. Atẹ́gùn ló ń tù ú, kò sí rédíétọ̀ tí yóò jò. 99.27 ni cc rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n inú síláńdà rẹ̀, gíà mẹ́rin. Kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí sípánà mi kò lè dé.

Ìrọ̀rùn yẹn ní ìtàn. Japan ni ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì náà ti wá, láti ọ̀dọ̀ Kawasaki. Ilé iṣẹ́ yẹn ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún àwọn tó ń to alùpùpù kí òun fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odindi. Bajaj ní Íńdíà, àwọn tó ń ṣe Boxer, sùkútà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Vespa ni wọ́n ń ṣe láti 1960 pẹ̀lú àṣẹ Piaggio ti Ítálì, àṣẹ yẹn sì parí ní 1971. Wọ́n tún ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ wọn ni púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wá. Alùpùpù gan-an ni wọn kò ní.

Ní 1984 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ àjọṣe. Alùpùpù wọn, KB100, jáde ní 1986, òun náà ń sun ọ́ìlì mọ́ epo bíi Jincheng wa. Ní 1991 wọ́n gbé 4S Champion jáde, ọ́ìlì sì kúrò nínú epo. Boxer dé ní 1997. Kawasaki Bajaj Boxer ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún nígbà náà. Ẹ ka ọdún láti 1984 sí 1997: mẹ́tàlá. Ọmọṣẹ́ mi méjì ti sá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, wọn ò tíì mọ bí a ṣe ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì! Bajaj dúró kọ́ṣẹ́, 2017 ni àjọṣe ọ̀hún sì tó parí ní Íńdíà. Hero ti Íńdíà àti Honda ti Japan, tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ní 1984, ti pínyà ṣáájú wọn, ní 2010.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé Boxer àtijọ́ ló dáa, pé látìgbà tí Kawasaki ti kúrò níbẹ̀ ló ti di yẹpẹrẹ. Mo ń tú ti àtijọ́, mo ń tú ti ìsinsìnyí. Ohun tí mo bá nínú èkíní ni mo ń bá nínú èkejì.

Lójú ọ̀nà ńkọ́? Látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń bi mí ni pé mélòó ló ń mu. Mo gbé tèmi lọ sí Ìkòyí-Ilé pẹ̀lú àpò èlùbọ́ méjì lẹ́yìn, mo padà dé, epo tí mo rà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé èèyàn mẹ́ta gun òkè lórí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà Ìgbẹ́tì bá jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, Boxer 150 ni kó tọrọ owó rà. Bíréèkì rẹ̀ náà, onílù ni níwájú àti lẹ́yìn, kì í ṣe dísíìkì; bí òjò bá ń rọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni ayédèrú ẹ̀yà ara. Mo ra ríìngì kan, èyí tó ń yí písítìnnì ká, lọ́wọ́ oníṣòwò kan lọ́dún tó kọjá, páálí rẹ̀ ń dán, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ọkọ̀ oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù, àpò ara mi ni mo fi tún un ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, mo kọ́kọ́ máa ń ju ríìngì sínú síláńdà láìsí písítìnnì, n ó wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ yí i ká, kó padà sí páálí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì, ẹ sáà mú èyí tí wọ́n tú kúrò lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun.

Màmá elélùbọ́ ti ra tiwọn, pupa ni. Ọmọ náà gbé e wá lánàá pé kí n bá òun de gáàdì iwájú mọ́ ọn. Mo ní kó padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, màmá mi ní ẹ ò gbọdọ̀ rí mi mọ́."