Ààfin Déjì àtijọ́ ní Àkúrẹ́: ẹ má kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá

Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń wá sí Ọjà Ọba Erékèsán, tẹ́ẹ ra ata tán tẹ́ẹ wọ mọ́tò, ẹ ń fi nǹkan gidi du ara yín o. Ẹ yà sí ààfin àtijọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú yín yíká, nínú 5, mo fún un ní 4.

Wọ́n ní láti nǹkan bí ọdún 1150 ni ààfin náà ti wà, ìjọba àpapọ̀ sì ti kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọba Adésídà kìíní tó lo 60 ọdún lórí oyè, 1897 sí 1957, ààfin yìí ló ti ṣe ìjọba ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbàgbé ti ọdún ná, bí wọ́n ṣe to ilé yẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn. Ùà ni wọ́n ń pe àgbàlá ibẹ̀, ùà kan wọnú ùà kejì, wọ́n ju 15 lọ, kálukú ló sì níṣẹ́ tiẹ̀: Ùà Ùbúra, ìbúra nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Ùà Ìkómọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, Ùà Jẹ́mifọhùn náà wà ńbẹ̀. Àárín ùà ò ní òrùlé, yàrá ló yí i ká, òrùlé àwọn yàrá yẹn wá dà gẹ̀rẹ́ sínú, tójò bá rọ̀, àárín ni gbogbo omi ń dà sí kó tó gba ojú ihò jáde, ibẹ̀ náà nìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri kan lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta gan-an níta, ògiri amọ̀ yẹn tutù rinrin! Ilé búlọ́ọ̀kù tí mò ń gbé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìdí tí mo fi yọ 1 ni pé ẹni tó mú wa yíká mọ ìtàn, àmọ́ ó ń kánjú jù, a ò tíì wo òpó kan tán tó ti ń pè wá síwájú.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin ìgbàlódé tó tóbi jù ú lọ sí apá gúúsù ẹ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ti àtijọ́ yìí wó. Ẹni tó bá sì máa tún un ṣe, kó má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ o, omi á há sínú ẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú, tó bá yá sìmẹ́ńtì náà á ṣí kúrò, á sì bó amọ̀ dání. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe.

Tẹ́ẹ bá ń lọ, àárọ̀ ló dáa, kí ọjà tó kún. Ẹ wọṣọ tó bójú mu, kí ọkùnrin ṣí fìlà, ẹ béèrè kẹ́ẹ tó ya fọ́tò, tí wọ́n bá sì ní kẹ́ẹ má wọ ùà kan, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀.